Ẹ̀KỌ́ KẸWÀÁ: Òrùlé Ilé Ń Sọ Ìtàn Igbó

Kí á tó kàwé

Ẹ gbé ojú sókè, kí ẹ wo òrùlé kíláàsì yín. Ṣé igi ni wọ́n fi ṣe é tàbí irin? Bí ó bá jẹ́ igi, kí ni orúkọ igi náà? Ta ni ẹ lè bi léèrè?

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó rí bí àwọn ọmọ kíláàsì kan ṣe ṣe ètò ìwádìí nípa ọ̀rọ̀ kan tí ó kan gbogbo ayé. Àpẹẹrẹ ni a fi kíláàsì náà ṣe, ṣùgbọ́n àwọn ìlú àti igbó tí a dárúkọ wà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì ní tòótọ́.

Àyọkà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, olùkọ́ kíláàsì kẹfà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì gbé àwòrán ayé wọ kíláàsì. Ó fi í kọ́ sára ògiri. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí igbó Amazon ní ilẹ̀ Brazil. Ó tọ́ka sí igbó Kóńgò ní àárín gbùngbùn Áfíríkà àti igbó ilẹ̀ Indonesia. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọ̀pá náà wá sí gúúsù Nàìjíríà.

Ó ní, “Igbó ayé ń dín kù. Àjọ FAO, èyí tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣírò rẹ̀ pé láti ọdún 2015 sí ọdún 2020, nǹkan bí i mílíọ̀nù 10 hẹ́kítà igbó ni àwọn ènìyàn ń pa run lọ́dọọdún. Hẹ́kítà kan fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù kan lọ díẹ̀. Igi a máa fa afẹ́fẹ́ tí ó ń mú ayé gbóná mọ́ra. Bí a bá gé e, tí a sì sun ún, afẹ́fẹ́ náà yóò padà sí òfuurufú. Nítorí náà, igi tí wọ́n sun ní ilẹ̀ kan lè ṣe ìpalára fún ilẹ̀ mìíràn. Ní sáà yìí, kíláàsì wa yóò ṣe ìwádìí nípa rẹ̀.”

Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, báwo ni a ó ṣe dé Brazil?”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìbéèrè rẹ dára. A kò ní dé Brazil. Ìkẹ́rẹ́ níbí ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.”

Yíyan ìbéèrè

Olùkọ́ ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá ìbéèrè kan. Ọmọ àkọ́kọ́ sọ pé, “Kí ni ó ń pa igbó ayé run?” Olùkọ́ kọ ọ́ sí ojú pátákó. Ó ní, “Ìbéèrè yìí tóbi jù wá lọ. Ìbéèrè ìwádìí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ wa lè tọ̀ dé ìdí rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nípa ohun tí ojú wa lè rí tàbí tí a lè kà. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a lè parí kí sáà tó parí.”

Kíláàsì dákẹ́. Àwọn kan wo òkè Olósùnta láti ojú fèrèsé. Ọmọ kan tí ó jókòó lẹ́yìn ń wo òrùlé. Ó ní, “Sà, igi òrùlé ilé bàbá mi àgbà dúdú, ó sì le bí irin. Èyí tí wọ́n fi kọ́ ilé tiwa funfun. Ikán sì ti ń jẹ ẹ́.”

Olùkọ́ ní, “Ìwádìí wa ti dé.” Ó pa ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ́, ó sì kọ èyí dípò rẹ̀:

*Igi wo ni wọ́n fi ṣe òrùlé àwọn ilé àtijọ́ ní àdúgbò wa? Igi wo ni wọ́n fi ń ṣe òrùlé nísinsìnyí? Kí ni ó fa ìyàtọ̀ náà?*

Ó ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀rí ni igi òrùlé jẹ́. Àwọn tí ó kọ́lé ní àtijọ́ kò lọ sí ọ̀nà jíjìn láti wá igi bí èyí tí ó dára bá wà nítòsí. Nítorí náà, ilé tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1950 lè sọ irú igi tí ó wà nítòsí ní ọdún 1950 fún wa.

Àbá kì í ṣe ìdájọ́

Kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀, olùṣèwádìí a máa dá àbá. Àbá ni ohun tí a rò pé ó lè jẹ́ ìdáhùn, kí a tó rí ẹ̀rí. Kíláàsì kẹfà dá àbá pé àwọn tí ń la pákó àti àwọn tí ń tà á ni wọ́n gé igi líle tán.

Ọmọ kan yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, “Bàbá rẹ ni wọ́n ń bá wí!”

Òótọ́ ni pé bàbá ọmọkùnrin náà ń ta pákó. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin náà tẹ orí ba, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí agogo fi lù.

Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àbá kì í ṣe ìdájọ́. Bí ẹ̀rí bá lòdì sí àbá wa, àbá ni a ó pa tì, a kò ní pa ẹ̀rí tì.” Ó sì fi àmì ìbéèrè ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ àbá náà.

Ṣíṣe ètò

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pín ara wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin.

1. Ẹgbẹ́ òrùlé: wọn yóò yan ilé àtijọ́ àti ilé tuntun, wọn yóò sì bi àwọn onílé léèrè ọdún tí wọ́n kọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun òrùlé.
2. Ẹgbẹ́ àgbà: wọn yóò fi ọ̀rọ̀ wá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá àgbà lẹ́nu wò.
3. Ẹgbẹ́ pákó: wọn yóò lọ sí ìsọ̀ àwọn tí ń ta pákó àti ti àwọn káfíńtà.
4. Ẹgbẹ́ ìwé: wọn yóò wo ìwé, máàpù àti àwòrán tí a yà láti òfuurufú.

Wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn òbí. Wọ́n kọ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò jáde. Wọ́n pinnu pé ẹnì kan yóò máa béèrè, ẹnì kejì yóò sì máa kọ ìdáhùn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ kì í pẹ́ di ìgbàgbé.

Wọ́n tún kọ́ bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. “Ṣé ẹ̀yin ni ẹ pa igbó run?” kì í ṣe ìbéèrè, ẹ̀sùn ni. Ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn kàn kò ní sọ ohun tí ó mọ̀. Ìbéèrè tí ó dára ni, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, irú pákó wo ni ó pọ̀ jù nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí? Èwo ni ó pọ̀ jù nísinsìnyí?”

Ọmọ oníṣòwò pákó kò wọ ẹgbẹ́ kankan. Nígbà tí wọ́n jáde fún eré, olùkọ́ pè é sẹ́yìn kíláàsì. Ó ní, “Bí a kò bá gbọ́ ti ẹnu bàbá rẹ, ìwádìí wa kò pé. Ohun tí ó mọ̀ nípa igi kò sí nínú ìwé kankan tí mo ní. Ǹjẹ́ o lè bá wa bẹ̀ ẹ́?” Ọmọkùnrin náà kò dáhùn. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá bá olùkọ́. Ó ní, “Sà, bàbá mi ní kí a máa bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.”

Ohun tí ẹgbẹ́ ìwé rí

Ẹgbẹ́ ìwé wo máàpù ìpínlẹ̀ Èkìtì, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1996. Wọ́n rí i pé apá gúúsù, níbi tí Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré wà, jẹ́ ilẹ̀ igbó, bí a bá sì ń lọ sí apá àríwá, ilẹ̀ náà ń di ọ̀dàn. Ní Ìsẹ̀-Èkìtì, ní apá ìlà-oòrùn Ìkẹ́rẹ́, igbó ìjọba kan wà. Nínú igbó yìí ni àwọn ìnàkí kan wà, irú èyí tí kò sí ní ibòmíràn ní ayé àfi ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Àwọn onímọ̀ ti kọ orúkọ wọn mọ́ àwọn ẹranko tí ó wà nínú ewu àtirun. Oko dídá, igi gígé àti ọdẹ ṣíṣe ni ó ń lé wọn kúrò.

Wọ́n kà nípa Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, gbajúgbajà agbẹ́gilére, ẹni tí ó kú ní ọdún 1938. Òun ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum di òní. Ọmọ kan sọ pé, “Nígbà náà, igi ńlá tí ó tó ilẹ̀kùn ààfin gbẹ́ wà nítòsí.”

Olùkọ́ fi hàn wọ́n pé ènìyàn lè wo igbó láti òkè. Sátẹ́láìtì ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ayé láti ọdún 1972. Nàìjíríà pàápàá gbé tirẹ̀, NigeriaSat-1, sí òfuurufú ní ọdún 2003. Bí a bá fi àwòrán ọdún kan wé ti ọdún mìíràn, a ó rí ibi tí igbó ti di oko tàbí ilé.

Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ yòókù rí

Ẹgbẹ́ òrùlé padà wá pẹ̀lú àkọsílẹ̀ wọn. Nínú ilé àtijọ́, ìrókò, àpá àti ọ̀gànwó ni wọ́n gbọ́ jù. Nínú ilé tuntun, mélínà àti àwọn igi fúyẹ́ bí arère ni wọ́n gbọ́ jù. Mélínà kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Láti ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti mú un wá, ó sì tètè máa ń dàgbà. Òun àti tíìkì ni ìjọba gbìn sí ọ̀pọ̀ igbó ìjọba ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹgbẹ́ àgbà ni ó mú ọ̀rọ̀ ìyanu wá. Wọ́n bá bàbá arúgbó kan ní ìdí kòkó rẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí i, wọ́n sì bi í léèrè ibi tí àwọn ìrókò lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní:

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ìrókò tí ó wà ní ilẹ̀ yìí kò di pákó. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ gbin kòkó, iná ni ó dá sí ìdí igi ńlá, tí ó fi gbẹ lórí ìdúró. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ nígbà náà. Ta ni ì bá gbé e? Kòkó ni a fẹ́. Owó kòkó ni wọ́n fi rán mi lọ sí ilé-ìwé.”

Nígbà tí wọ́n sọ fún olùkọ́, ó ṣàlàyé sí i. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Owó kòkó sì kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkó ṣe jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ó gba ilẹ̀ igbó ní Ivory Coast, orílẹ̀-èdè tí kòkó rẹ̀ pọ̀ jù ní ayé. Ọ̀pọ̀ nínú kòkó wọ̀nyí ni àwọn ará Yúróòpù ń fi ṣe ṣokoléètì. Ní ọdún 2023, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tàbí igi tí ó bá wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọdún 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọmọbìnrin tí ó béèrè ọ̀nà Brazil ní, “Sà, láti òrùlé ni a ti dé Yúróòpù yìí!”

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹgbẹ́ pákó lọ sí ìsọ̀ bàbá ọmọkùnrin náà. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń béèrè. Bàbá fi òǹtẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ igbó fi òòlù tẹ̀ sí ara igi hàn wọ́n. Ó ní igi tí kò bá ní òǹtẹ̀ kò ní ìwé. Ó ní, “Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, bí oníbàárà bá fẹ́ ìrókò, ọjọ́ kan náà ni mo ń rí i. Nísinsìnyí, mo lè dúró títí, kí n má rí èyí tí ó tóbi. Ọ̀nà jíjìn ni ọkọ̀ agbégi ti ń bọ̀. Owó epo wà nínú owó pákó.”

Ìparí ìwádìí

Wọ́n to gbogbo àkọsílẹ̀ jọ sí ojú pátákó. Ọmọ tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sí ọmọ oníṣòwò pákó dìde. Ó ní, “Àbá wa kò tọ̀nà tán.” Olùkọ́ ní kí wọ́n kọ ìparí tí ẹ̀rí wọn lè gbé. Èyí ni ohun tí wọ́n kọ:

*Igi òrùlé ti yí padà ní àwọn ilé tí a wò. Igi líle ti di ọ̀wọ́n. Ohun tí ó fà á ju ẹyọ kan lọ: àwọn kan sun igi láti gbin kòkó, àwọn kan gé e fún pákó. A kò tíì béèrè nípa oko oúnjẹ àti igi ìdáná. Ìwádìí òrùlé kò lè sọ iye hẹ́kítà igbó tí ó ti lọ. Àwòrán òfuurufú ni ó lè sọ èyí.*

Wọ́n mú ẹ̀dà kan lọ fún gbogbo àwọn tí wọ́n bi léèrè, nítorí pé ẹni tí ó fún wa ní ọ̀rọ̀ yẹ kí ó mọ ohun tí a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Bàbá oníṣòwò pákó ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Mo mọ̀ pé ìrókò wọ́n. N kò mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ jìn tó báyìí.” Ó ká ìwé náà, ó sì fi í sí àpò agbádá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ wọn

*Àbá*: ohun tí a rò pé ó lè jẹ́ ìdáhùn kí a tó rí ẹ̀rí.
*Ẹ̀rí*: ohun tí a rí, tí a kà tàbí tí a gbọ́, tí ó fi òótọ́ hàn.
*Igbó ìjọba*: igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀, tí ènìyàn kò gbọdọ̀ gé igi inú rẹ̀ láìgba àṣẹ.
*Ọ̀dàn*: ilẹ̀ tí koríko pọ̀ sí ju igi lọ.
*Òǹtẹ̀*: àmì tí a tẹ̀ sí ara nǹkan láti fi àṣẹ hàn.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìdí tí olùkọ́ fi sọ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tóbi jù?
2. Báwo ni òrùlé ilé ṣe lè jẹ́ ẹ̀rí nípa igbó?
3. Kí ni àbá kíláàsì kẹfà? Ọ̀rọ̀ ta ni ó fi hàn pé àbá náà kò tọ̀nà tán?
4. Kí ni ìdí tí ọmọ oníṣòwò pákó kò fi kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ kankan?
5. Dárúkọ igi mẹ́ta tí ó wà nínú òrùlé àwọn ilé àtijọ́.
6. Kí ni kòkó ṣe fún àwọn ará ilẹ̀ wa? Kí ni ó gbà lọ́wọ́ wọn?
7. Kí ni ìwádìí òrùlé kò lè sọ fún wa?

Tún un ṣe

Ẹ̀sùn ni àwọn gbólóhùn wọ̀nyí. Sọ wọ́n di ìbéèrè tí ó dára.

(a) Ṣé ẹ̀yin ni ẹ ń da ìdọ̀tí sí odò?
(b) Kí ló dé tí ẹ̀yin ọdẹ ń pa gbogbo ẹranko?
(d) Ṣé ẹ kò mọ̀ pé èédú yín ń ba igbó jẹ́ ni?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Yan ilé márùn-ún ní àdúgbò rẹ, kí o sì gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí rẹ àti àwọn onílé. Ya ilà mẹ́rin sínú ìwé rẹ: ilé, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, igi òrùlé, ẹni tí ó sọ fún mi. Kọ ohun tí o bá gbọ́ gan-an. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun kò mọ̀, kọ “kò mọ̀” sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ohun tí ẹ̀rí rẹ fi hàn.

Òwe

Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ta ni ó béèrè ọ̀nà nínú àyọkà yìí, ta ni ó sì fi ọ̀nà hàn án?